Bí Ìyàwó Wa Ṣe Kù Díẹ̀ Kó Di Ewúrẹ́ Lẹ́nubodè

Àlá kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rọ́ fún yín, àmọ́ èmi kọ́ ni mo lá a. Mojírádé ìyàwó wa ló lá a lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, lórí ẹní nínú yàrá rẹ̀. Òun ló rọ́ ọ fún mi, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ sún mọ́ mi. Ẹ máa bó ẹ̀gúsí yín lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, òun ni yóò fọ ìkòkò lálẹ́ òní.

Ẹ mọ ọkọ Mojírádé, àbúrò ọkọ mi. Èmi náà ìyàwó ilé ni, n kò jẹ́ pè é lórúkọ. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo wọ ilé yìí, nítorí pé bírò kì í kúrò létí rẹ̀ nígbà náà. Ní gbogbo Sátidé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń kóra jọ sí pálọ̀ láti ṣe eré kan báyìí. Kì í ṣe lúdò, kì í ṣe ayò. Dáìsì wọn lójú púpọ̀ débi pé ojú mi ń pòòyì tí mo bá wò ó. Oníkálùkù á dá ènìyàn kan sílẹ̀ látinú èrò ara rẹ̀, á sọ ìran tí onítọ̀hún ti wá, iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó di jagunjagun, àti iye èdè tó gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á jọ wọ igbó inú eré lọ, wọ́n á máa bá ẹranko jà. Akọ̀wé mi tó ń sá fún aáyán, iwin ọlọ́jọ́ orí gígùn ni níbẹ̀ o, ó sì gbọ́ èdè igi! Mo ní kó lọ bá mi bá igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé sọ̀rọ̀ kó so, ó ní inú eré nìkan ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n pe ìyàwó pé kó wá dá ẹni tirẹ̀ sílẹ̀.

“Níbo ni ẹni tìrẹ ti wá?” ni Akọ̀wé bi í.

“Etí ọ̀sà,” ni Mojírádé fèsì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, Délànà, mi orí. “Kò sí ọ̀sà nínú ayé eré yìí o, ìyàwó wa. Nínú aràrá, iwin àti egbére, ẹ mú ọ̀kan. Tí ẹ bá mú un tán, a óò fún yín ní èdè rẹ̀.”

Mojírádé rẹ́rìn-ín, ó ní oorun ń kun òun, ó sì wọ yàrá lọ.

Ẹ̀rín yẹn kò dénú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó wa, láti abúlé apẹja kan létí ọ̀sà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé wa ní Ìkìrun yìí, ó fi ẹnu ilé wọn kí gbogbo ilé láàárọ̀, àwọn ọmọ sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Wọn kò ní ìkà nínú, ẹ̀rín ọmọdé lásán ni. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ìyàwó gbé ẹnu ilé wọn pamọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa, ó ń se ọbẹ̀ bíi tiwa, ó fún gbogbo ọmọ ilé lórúkọ oyin bó ṣe yẹ ìyàwó. Síbẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, àlejò ló ka ara rẹ̀ sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó ní òun ń bẹ̀rù pé bí òun bá di ará ilé wa pátápátá, òun kò ní jẹ́ ọmọ ìyá òun mọ́. Ọ̀rọ̀ tó gbé sùn nìyẹn.

Bó ṣe fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ báyìí, ẹní bá dìde.

“Ìyàwó,” ni ẹní wí, “ká ẹsẹ̀ rẹ wọlé, a ti fẹ́ dé títì.”

Mojírádé ká ẹsẹ̀ wọlé, ó sì dúpẹ́. Ó ní kò ya òun lẹ́nu rárá, nítorí ó pẹ́ tí òun ti ń fura pé ẹní náà mọ ọ̀nà. Ẹní gbé e kọjá ọjà, ó gbé e kọjá ilé epo, ó yà fún ọlọ́kadà kan tó ń bú u, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìdí igi ìbẹ́pẹ kan. Lókè igi náà, ọ́fíìsì kan dúró sínú afẹ́fẹ́. Ó ní fèrèsé, ó ní fáànù, ó ní kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá lára ògiri. Okùn ni wọ́n fi so ó kó má bàa ṣí lọ, aràrá kan ló sì di okùn náà mú. Àwọn ewúrẹ́ pọ̀ nídìí igi náà, wọ́n ń jẹ koríko.

Ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ náà kí i. “Ẹ káàsán o. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ wọ Ìlú Inú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Mojírádé wí. Kò mọ ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ bí ewúrẹ́ ṣe dárúkọ rẹ̀ ló ti mọ̀ pé gbogbo wa ti wà nínú ìlú náà láti àárọ̀, pé òun nìkan ló kù síta. Ó tilẹ̀ ń gbọ́ òórùn dòdò tí à ń dín.

“Ẹ má rò ó pẹ́ o,” ni ewúrẹ́ wí. “Olùkọ́ yunifásítì ni mí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ ibi tí mo ti wá. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, Ẹ̀gbá ni ìyá mi, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó dáadáa. Ìgbà tí mo máa fi rò ó tán, koríko ti ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ni Mojírádé wí.

“Kò burú púpọ̀,” ni ewúrẹ́ wí, “àmọ́ n kò rí ibi tí mo lè fi ìgò ojú mi kọ́.”

Aràrá fa ọ́fíìsì wálẹ̀ bí ẹni fa ẹ̀ka ọsàn, ó ní kí ìyàwó wọlé kíá nítorí pé ọwọ́ ń ro òun. Mojírádé gbé ẹní rẹ̀ sábẹ́ apá, ó wọlé.

Àwọn mẹ́ta ló wà nínú ọ́fíìsì náà. Ọ̀gá wọn wọ kóòtù, ó so táì, ó sì ń jẹ etí táì náà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Obìnrin iwin kan dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó tínrín, ó ga débi pé ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sábẹ́ àjà. Ẹ̀kẹta, egbére ni. Kò ga ju ìgò òróró lọ, ó jókòó sórí ẹní tirẹ̀, ó ń sunkún bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gbà. Ẹní Mojírádé kí ẹní egbére, ẹní egbére náà kí i padà. Wọ́n ní obìnrin kan náà ló hun àwọn. Ní àárín yàrá, ìkòkò amọ̀ ńlá kan gúnwà. Wọn kì í kọ nǹkan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn, inú ìkòkò ni wọ́n ń sọ gbogbo rẹ̀ sí.

Ibẹ̀ ni ìyàwó ti ṣe àṣìṣe tí ẹ̀yin náà ìbá ṣe. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe rí fún àwa ìyàwó ilé. Ọmọ tó bá ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé wa wọlé, ìbáà jẹ́ pé ìrákòrò ló ń rá, ọkọ wa ni, a kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Mojírádé wo egbére náà títí.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, “ìgbà wo lẹ dé ibí?”

Egbére nu imú. “Àárọ̀ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

“Ọ̀sán ni èmi dé,” ni Mojírádé wí. “Ẹ jù mí lọ.” Ó sì kúnlẹ̀ fún un. “Ẹ kúuṣẹ́, ọkọ mi. Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ ni n ó máa pè yín, nítorí pé omijé ti fọ ojú yín mọ́, ó ń dán.”

Hàà! Egbére dákẹ́ ẹkún. Wọ́n ní kò tíì dákẹ́ rí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Iwin yọ ọrùn jáde lábẹ́ àjà, ó ní ẹ gbọ́ ná, òun náà ti wà níbí kí ìyàwó tó dé o, kí ni orúkọ tòun? Mojírádé sọ ọ́ ní Òpéléńgé, inú rẹ̀ dùn débi pé ó yí po lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohun tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù sì bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wú ikọ́. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ràn irú nǹkan báwọ̀nyí, àmọ́ kí wọ́n má sọ pé wọ́n fo òun. Mojírádé wo irùngbọ̀n rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Arẹwà-Onírùngbọ̀n. Aràrá ń pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, “Èmi ńkọ́? Èmi ńkọ́?” Mojírádé yọjú lójú fèrèsé, ó pè é ní Adokùnmú. Aràrá pàtẹ́wọ́ fún ayọ̀, ó sì gbàgbé pé okùn ló wà lọ́wọ́ òun.

Bí ọ́fíìsì ṣe ṣí lọ nìyẹn. Ó ń fò jẹ́jẹ́ lórí páànù ilé àwọn ènìyàn, okùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ń sáré tẹ̀lé e nísàlẹ̀, olùkọ́ yunifásítì ló ṣáájú. Mojírádé ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára, òun gbádùn rẹ̀. Níkẹyìn, ọ́fíìsì dúró sókè géètì kan. Nígbà tó wo ilẹ̀, géètì ilé wa ni. Ilé wa kò ní òrùlé, gbogbo wa sì wà nínú rẹ̀, à ń jẹun, à ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò wo òkè.

“Ó yá,” ni ọ̀gá wí. Ìwo kékeré méjì ti yọ lórí rẹ̀, ó sì ti jẹ táì dé ọrùn. “Orúkọ oyin dùn, àmọ́ òfin kò yí padà. Níbo lẹ ti wá?”

“Ilé ọkọ mi, sà.”

“Kí ẹ tó dé ilé ọkọ?”

“Etí ọ̀sà, nílé bàbá mi.”

Ìkòkò la ẹnu. “Èwo nínú méjèèjì? Ẹnu mi kéré, ibì kan ṣoṣo ló ń gbà.”

“Ẹ ti gbọ́,” ni ọ̀gá wí. “Ibì kan, èdè kan. Tí géètì bá pa dé láìjẹ́ pé ẹ ti mú ọ̀kan, ẹ̀yin àti àwọn ará ìsàlẹ̀ yẹn ni ẹ ó jọ máa jẹ koríko. Mẹ̀ẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú, ikọ́ ni.”

Mojírádé ní ikọ́ náà yé òun, iṣẹ́ ìjọba kò rọrùn.

Òpéléńgé obìnrin iwin wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àwọn abọ́ olómorí jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Èdè ló wà nínú wọn. Ó ní kí ìyàwó tọ́ ọ wò kó tó mú. Èdè aràrá ń ró wàràwàrà lẹ́nu bíi gúgúrú. Èdè iwin kò ní adùn kankan, àmọ́ bí Mojírádé ṣe gbé e mì, ó gbọ́ tí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ń ráhùn pé èmi ìyáálé inú ilé yìí ń da omi ọṣẹ sí òun lẹ́sẹ̀. Irọ́ ni o! Omi ìfọbọ́ lásán ni. Èdè dírágónì, ata gidi ni. Mojírádé fi èdè náà sọ pé “Ẹ ṣeun,” iná jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì ran gèlè obìnrin iwin. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, kò tilẹ̀ wò ó.

“Ó dára,” ló wí, “àmọ́ ẹ ṣì ń fi imú sọ ọ́. Èwo lẹ ó mú nínú wọn?”

“Èyí tí wọ́n ń sọ nínú ilé yẹn,” ni Mojírádé wí, ó nawọ́ sí ọ̀dọ̀ wa.

“Ó wà níbí, ó ṣì ń gbóná. Àmọ́ kí n tó bù ú fún yín, ẹ kọ́kọ́ tu èyí tó wà lẹ́nu yín tẹ́lẹ̀ sínú agbọ̀n yìí.”

Mojírádé rò pé nǹkan kékeré ni. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó tu ú. Ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹja kékeré kan ni. Ó tutù, ó ń mí. Ẹja náà gbójú sókè, ó wò ó. Ohùn ìyá rẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀, ní ẹnu etí ọ̀sà gan-an, ó ní, “Mojí, kí ni mo ṣe?”

Ìyàwó ní nínú gbogbo ohun tí òun rí, ibẹ̀ nìkan ni ọkàn òun ti gbọgbẹ́. Ó ní ẹkún tí egbére dákẹ́, ọ̀dọ̀ òun ló wá. Ó sọ ẹja padà sẹ́nu, ó sì pa ẹnu dé pinpin.

“Ẹ ò tu ú?” ni ọ̀gá béèrè.

Mojírádé mi orí.

“Ẹ ò sì fẹ́ padà sí etí ọ̀sà?”

Ó tún mi orí. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí àárín àyà rẹ̀, ó na ìka méjì.

“Kò sí méjì,” ni ìkòkò wí. “Mo ti sọ̀rọ̀.”

Ọ̀gá ti wá di ewúrẹ́ tán pátá, kóòtù nìkan ló kù lọ́rùn rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. “Ọ̀nà kan ló kù,” ló wí. “Kí ẹnì kan nínú ilé yẹn gòkè wá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ẹnu tiyín kò tó. Ẹ tètè o, mo rí i pé etí yín ti ń gùn.”

Lóòótọ́, etí rẹ̀ ń gùn. Ó tún rí èèpo iṣu kan nílẹ̀, ó sì wù ú jẹ. Ẹ̀rù wá bà á wàyí. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó pe ọkọ rẹ̀. Akọ̀wé gbé orí sókè, etí iwin gígùn wà lórí rẹ̀, dáìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo ju ọ̀kan!” ló kígbe. “N kò lè gbọ́ ohun tí ò ń sọ títí di ìgbà tó bá tún kàn mí!” Ó sì padà sídìí eré rẹ̀. Ẹ rí ọkùnrin bí?

Ó wá pè mí. Ó ní àpótí ìdáná ni mí nínú àlá náà, àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ jù nínú gbogbo ilé, n kò sì gbọ́ ọ nítorí ariwo ẹnu ara mi. Àpótí! Mo ní kí ló dé tí kò fi mí ṣe aṣọ òkè? Ó ní òun kọ́ ló yàn án. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ bó ẹ̀gúsí.

Géètì ti ń pa dé. Ọwọ́ ìyàwó ti ń le bíi pátákò. Nígbà yẹn ló rí ẹnì kan tó dìde láàárín wa. Màmá ni, ìyá ọkọ wa. Ó fi omorí ìkòkò ọbẹ̀ bo àyà bí apata, ó fi igbà adẹ́mu kọ́ ìdí, ó di okùn ọ́fíìsì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Ẹ mọ orúnkún Màmá. Orúnkún náà ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gòkè, ó ní, “Màmá, a ò bá yín ṣàdéhùn èyí o!” Màmá ní kó dákẹ́, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ nílé. Ó dé òkè, ó fi ẹsẹ̀ kan wọ ojú fèrèsé, ó ń mí gúlegúle.

“Ta ni ó ní ọmọ yìí kì í ṣe ẹnikẹ́ni?” ló wí.

“Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, Màmá,” ni ọ̀gá tó ti di ewúrẹ́ wí. “A ní kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti wá ni.”

Màmá gbé omorí sílẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó kọjú sí ìkòkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

“Mojírádé, ọmọ atukọ̀ lójú ọ̀sà,
Ọmọ a-jí-bẹ́ja-sọ̀rọ̀,
Ọmọ omi ò gbé wa lọ, omi ló gbé wa délé…”

Mojírádé dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Oríkì ilé bàbá rẹ̀ ni. Kò gbọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé, ìyá ọkọ rẹ̀ ọmọ Ìrágbìjí ló sì ń kì í yìí, tó ń fi ẹnu etí ọ̀sà kì í, tó ń gbé e gbòdì níbi méjì mẹ́ta. Lójijì, Màmá dúró. Ó ti gbàgbé. Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó fi ẹnu yẹn náà tẹ̀síwájú:

“Ọmọ a-gọ̀pẹ-má-wolẹ̀,
Ọmọ ẹlẹ́mu òkè Ìrágbìjí…”

“Ẹ dúró níbẹ̀!” ni ọ̀gá kígbe. “Ìyẹn kò jọra wọn. Ọmọ omi ni àbí ọmọ ọ̀pẹ?”

“Ìwọ ewúrẹ́ tí ò ń wọ kóòtù,” ni Màmá wí, “èmi ni ò ń bi? Ọmọ méjèèjì ni. Èmi tí ò ń wò yìí, Ìrágbìjí ni wọ́n ti bí mi, Ìkìrun ni mo ti bí tèmi, kò sì sẹ́ni tó ní kí n tu ọ̀kan dànù kí n tó jẹun. La ẹnu ìkòkò yẹn.”

“Ẹnu mi kéré,” ni ìkòkò wí.

“Là á!”

Ìkòkò là á. Màmá ti orí bọ inú rẹ̀, ó kì í láti ìbẹ̀rẹ̀, ti omi, ti ọ̀pẹ, gbogbo rẹ̀. Ìkòkò gbé e mì, ó gùnfẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ọba, òun kò yó báyìí rí, ẹ ṣeun o. Egbére tún bú sẹ́kún, àmọ́ ó ní ti ayọ̀ ni, kí wọ́n má yọ ọ́ níṣẹ́. Olùkọ́ yunifásítì ń kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, “Ṣé wọ́n ń gba méjì ni? Koríko yìí kò dùn mọ́!” Etí Mojírádé padà sí bó ṣe wà. Géètì ṣí gbayawu. Màmá kò sì dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí atukọ̀, ó dé ibi kan náà, ó tún gbàgbé.

Mojírádé lajú.

Ẹní wà nílẹ̀ bí ẹní. Àwọn elére ti túká ní pálọ̀. Àmọ́ ohùn Màmá kò dúró, ojú fèrèsé ló ti ń wọlé wá, ó ń sọ pé, “Ọmọ a-jí… a-jí-kí ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”

Ìyẹn kì í ṣe àlá mọ́, ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, èmi fúnra mi wà níbẹ̀. Màmá ló ní kí n bá òun pe ìyá Mojírádé. Kò sọ ìdí fún mi. Ó kàn jókòó sídìí okùn tí a ń sá aṣọ sí, ó ní kí n di fóònù mú sí òun létí. Bí ìyá Mojírádé ṣe gbé e, Màmá ní, “Àna mi, ọmọ yín ti dákẹ́ jù fún mi. Inú mi kò dùn sí i. Ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń kì í láàárọ̀, mo fẹ́ máa fi jí i.” Obìnrin náà ní kí Màmá fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Màmá ń kọ́ ọ, ó ń gbàgbé, ó tún ń kọ́ ọ, òógùn bò ó.

Mojírádé dìde lórí ẹní, ó wá dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

“Ọmọ a-gọ̀pẹ-má-wolẹ̀, ọmọ ẹlẹ́mu òkè Ìrágbìjí,” ni Màmá ń wí.

Ìyá Mojírádé bú sẹ́rìn-ín nínú fóònù. “Ìyẹn kì í ṣe tiwa o, Màmá!”

“Mo mọ̀ pé tiyín kọ́,” ni Màmá dáhùn. “Ti bàbá mi ni. Ibi tí mo bá ti gbàgbé tiyín, tèmi ni mo fi ń dí i. Ṣé ó burú ni?”

Nígbà tí obìnrin náà máa fèsì, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Kò burú, ìyá mi. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.”

Kọ́tìnì ṣí. Mojírádé kúnlẹ̀ sójú fèrèsé, omi wà lójú rẹ̀, ó sì fi ẹnu etí ọ̀sà kí àwọn ìyá rẹ̀ méjèèjì, ó kígbe rẹ̀ tí gbogbo agboolé gbọ́. Kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí mọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín náà. Lẹ́yìn náà ló mú oríkì náà láti orí, ó kì í wá sílẹ̀, ó kì í kọjá ibi tí Màmá ti ń gbàgbé, ó dé òpin tilé wọn. Kò dúró níbẹ̀. Ó fi a-gọ̀pẹ-má-wolẹ̀ kún un, ó fi ẹlẹ́mu òkè Ìrágbìjí kún un.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó ní òun kò gbọ́ ìlà àárín yẹn dáadáa, kí ìyàwó òun rọra tún un sọ.